Ohun Tí Bouaké San Lórí Òfin Ìpìlẹ̀

Ní ọjọ́ 3, oṣù Kejìlá, ọdún 2010, Paul Yao N'Dré, olórí ìgbìmọ̀ tí òfin ìpìlẹ̀ Côte d'Ivoire gbé ìdájọ́ ìbò ààrẹ lé lọ́wọ́, jókòó síwájú kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n ní Àbíjàn, ó sì fagi lé ìbò ẹkùn méje. Bouaké wà nínú wọn. Korhogo, Ferkessédougou, Katiola, Boundiali, Dabakala àti Séguéla ni àwọn yòókù. Ìbò tó ju 500,000 lọ di òfo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, olórí àjọ elétò ìdìbò ti kéde pé Alassane Ouattara ló wọlé, pé ó ní ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí wọ́n yọ ìbò ẹkùn méje náà kúrò, ìgbìmọ̀ ní Laurent Gbagbo ló wọlé, pé ó ní ìdá 51.

Òfin ìdìbò wọn kò fàyè gba èyí. Ó ní bí ìgbìmọ̀ bá rí màgòmágó tó lè yí èsì padà, gbogbo ìdìbò náà ni kí ó fagi lé, kí wọ́n sì tún un dì láàárín ọjọ́ 45. Kò sí ibi tó ti ní kí wọ́n yọ àwọn ìlú kan sọnù kí wọ́n sì ka ti ìyókù. Ogun bẹ́ sílẹ̀. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn ló kú. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2011, lẹ́yìn tí wọ́n ti mú Gbagbo, ìgbìmọ̀ kan náà, lábẹ́ olórí kan náà, tún jókòó, ó sì kéde pé Ouattara ló wọlé.

Láti ọdún 1959 títí di òní, ìwé òfin ìpìlẹ̀ mẹ́rin ni orílẹ̀-èdè náà ti lò: ti 1959, ti 1960, ti 2000 àti ti 2016. Mo ti ka ìtàn wọn láti òkè dé ilẹ̀, ohun kan náà ni mo sì rí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí télọ̀ ṣe ń dá aṣọ sí ara oníbàárà ni wọ́n ń dá òfin sí ara ẹni tó wà lórí oyè, tàbí kí wọ́n dá a lọ́nà tí kò fi ní gba ẹni tí wọn kò fẹ́. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ló yẹ kí ó kọ̀. Kì í sábà kọ̀. Bouaké sì wà lára àwọn ìlú tó san gbèsè rẹ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá. Ní Èjìgbò, bí wọ́n bá ní ọmọ lágbájá wà ní Àbíjàn, ó lè jẹ́ Bouaké tàbí Daloa gan-an ló wà, torí Àbíjàn ni wọ́n fi ń pe gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Anàgó ni wọ́n ń pè wá níbẹ̀. A ti ń ṣòwò lọ́jà wọn kí wọ́n tó gba òmìnira, a ti bímọ síbẹ̀, a ti sin òkú síbẹ̀. Ìbéèrè tí àwọn òfin wọ̀nyí ń jà lé lórí, ìyẹn ta ni ọmọ onílẹ̀, ta ni àlejò, ta ló lè dìbò, ta ló lè du ipò, ó ń wọ inú yàrá wa.

Àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè náà ni Bouaké wà, nílẹ̀ àwọn Baoulé, ó sì jẹ́ ìlú kejì tó tóbi jù lọ lẹ́yìn Àbíjàn. Ọdún 1912 ni ojú irin láti Àbíjàn débẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tó ń bọ̀ láti Mali tàbí Burkina pẹ̀lú màlúù àti ẹni tó ń bọ̀ láti etíkun pẹ̀lú iyọ̀ àti aṣọ ń pàdé níbẹ̀. Ojú irin náà kò ṣàdédé hù. Iṣẹ́ tipátipá wà lábẹ́ àwọn Faransé: wọ́n á ní kí olóyè kó iye ọkùnrin báyìí wá, wọ́n á sì kó wọn lọ sí ojú irin, ojú ọ̀nà, tàbí oko kòkó àti kọfí àwọn òyìnbó.

Àwọn aṣòfin ló fòpin sí i. Ìdí nìyí tí n kò fi ń gbà fún ẹni tó bá ní ẹnu lásán ni wọ́n ń fi ṣiṣẹ́ nílé ìgbìmọ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Faransé gbà kí àwọn ilẹ̀ tó ń ṣàkóso rán aṣòfin wá sí Paris. Wọ́n pín olùdìbò sí ọ̀nà méjì: àwọn ọmọ Faransé lọ́tọ̀, àwọn tí wọ́n ń pè ní ọmọ abẹ́ lọ́tọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ọmọ abẹ́ ló láǹfààní láti dìbò. Félix Houphouët-Boigny, Baoulé láti Yamoussoukro, ibi tó tó nǹkan bí 100 kìlómítà sí Bouaké, ló wọlé ní ọdún 1945. Iṣẹ́ ìlera ló kọ́, ó lóko kòkó, òun sì ni olórí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tí àwọn ọmọ Áfíríkà dá sílẹ̀ ní 1944. Ó gbé àbá òfin kan kalẹ̀. Ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹrin, ọdún 1946, ó di òfin: iṣẹ́ tipátipá di èèwọ̀ pátápátá ní gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso lókè òkun. Òfin náà kúrú, ojú ewé kan gbà á. Lọ́dún náà, ọkùnrin tí wọ́n mú láti abúlé tó yí Bouaké ká lè padà sílé rẹ̀. Orúkọ tí Houphouët fi ọdún yẹn ní kò kúrò lára rẹ̀ títí ó fi kú, orúkọ náà ló sì fi ṣe gbogbo ohun tó ṣe lẹ́yìn náà, rere àti búburú.

Lẹ́yìn èyí ni nǹkan yára. Ọdún 1946 kan náà ni wọ́n dá PDCI, ẹgbẹ́ òṣèlú Houphouët, sílẹ̀. Ọdún 1956 ni òfin tí wọ́n ń pè ní loi-cadre fún gbogbo àgbàlagbà láṣẹ láti dìbò, ọkùnrin àti obìnrin, nínú àpótí kan ṣoṣo. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1958, De Gaulle, olórí ìjọba Faransé, bi àwọn ilẹ̀ náà bóyá wọ́n fẹ́ dúró ti Faransé nínú àwùjọ tuntun. Guinea ní rárá. Côte d'Ivoire ní bẹ́ẹ̀ ni. Houphouët fúnra rẹ̀, tó jẹ́ mínísítà nínú ìjọba Faransé nígbà náà, wà lára àwọn tó jókòó ti òfin ìpìlẹ̀ Faransé tuntun yẹn. Ní ọjọ́ 4, oṣù Kejìlá, ọdún 1958, Côte d'Ivoire di orílẹ̀-èdè tó ń ṣàkóso ara rẹ̀ lábẹ́ àwùjọ Faransé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ òfin ìpìlẹ̀ tirẹ̀.

Òfin àkọ́kọ́ jáde ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹta, ọdún 1959. Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbàgbé pé ó wà rí. Ó jọ èyí tí Nàìjíríà ń lò nígbà Tafawa Balewa. Olótùú ìjọba ló ń ṣàkóso. Ilé aṣòfin ló ń fi í sípò, ilé aṣòfin ló sì lè fi ìbò yọ ọ́. Ìjọba tí ilé aṣòfin bí ni, ilé aṣòfin náà sì lè pa á. Bí ó bá fẹ́ náwó, ó ní láti wá tọrọ rẹ̀. Bí mínísítà rẹ̀ bá hùwà ìbàjẹ́, wọn á bi í léèrè lójú gbogbo ènìyàn. Ẹni tó bá mọ Ọ̀yọ́ àtijọ́ kò ní ṣàì mọ ohun tí mo ń wí: Aláàfin ń jọba, ṣùgbọ́n Baṣọ̀run àti àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì yòókù lè ní kí ó ṣígbá wò.

Ìyẹn wà nínú ìwé. Nínú ìṣe, ní oṣù Kẹrin ọdún 1959, PDCI ló gba gbogbo ìjókòó 100 tó wà nílé ìgbìmọ̀, kò ku ẹyọ kan fún ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ 1, oṣù Karùn-ún, Houphouët di olótùú ìjọba. Ta ni yóò bi í léèrè? Òmìnira dé ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹjọ, ọdún 1960, nígbà tó sì di ọjọ́ 3, oṣù Kọkànlá, wọ́n ti kọ òfin ìpìlẹ̀ mìíràn. Oṣù mọ́kàndínlógún péré ni ti àkọ́kọ́ fi wà. Nínú ti tuntun, ààrẹ ló ni agbára. Ará ìlú ló ń dìbò yàn án, kò sì sí ìbò tí àwọn aṣòfin lè dì láti yọ ọ́. Òun ló ń yan mínísítà, òun ló ń yọ wọ́n, òun nìkan ni wọ́n sì ń jẹ́ fún.

Èyí tó dùn mí jù nínú ètò ọdún 1960 ni ìwé orúkọ kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ 27, oṣù Kọkànlá, wọ́n dìbò fún aṣòfin 70 fún gbogbo orílẹ̀-èdè, láti inú ìwé orúkọ kan tí ẹgbẹ́ kan gbé kalẹ̀. Ará Bouaké kò yan ẹni tí yóò ṣojú Bouaké. Ó gba gbogbo ìwé náà tàbí kí ó kọ gbogbo rẹ̀, kò sì sí ìwé mìíràn tó lè gbà. Bí wọ́n ṣe ṣe é ní 1965 nìyẹn, àti ní 1970, àti ní 1975. Aṣòfin tí kò sí àdúgbò kan pàtó tó rán an, kò sí àdúgbò tó lè pè é wá jẹ́jọ́. Ààrẹ tó fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé nìkan ni yóò máa bẹ̀rù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, abala keje òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1960 mẹ́nu ba àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú, kì í ṣe ẹgbẹ́ kan. Òfin kò ka ẹgbẹ́ púpọ̀ léèwọ̀ rárá. Wọ́n kàn gbójú fo ìlà náà fún ọgbọ̀n ọdún, kò sì sí aṣòfin tó dìde láti kà á sókè.

Ní ọdún 1963 àti 1964, wọ́n kó àwọn mínísítà, aṣòfin àti àwọn èèkàn ẹgbẹ́ sẹ́wọ̀n ní Yamoussoukro. Wọ́n ní wọ́n dìtẹ̀. Ernest Boka, tó ti jẹ́ olórí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ, kú sí àhámọ́ ní oṣù Kẹrin ọdún 1964. Nígbà tó yá, Houphouët fúnra rẹ̀ gbà pé kò sí ọ̀tẹ̀ kankan. Aṣòfin ní ààbò lábẹ́ òfin, wọn kò gbọ́dọ̀ mú un láìjẹ́ pé ilé ìgbìmọ̀ yọ̀ǹda. Philippe Yacé ló jẹ́ olórí ilé ìgbìmọ̀ nígbà náà, láti 1960 títí di 1980. Ilé náà kò gba àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ rí i pé ara ènìyàn kan ni wọ́n ń dá òfin sí, kí ó wo abala kọkànlá òfin 1960, èyí tó sọ ẹni tí yóò rọ́pò ààrẹ bí ó bá kú. Ní 1975 wọ́n tún un ṣe: olórí ilé aṣòfin ni. Yacé ni gbogbo ayé mọ̀ sí àrólé nígbà náà. Ní 1980 Yacé bọ́ lójú rere, wọ́n sì tún un ṣe: igbákejì ààrẹ ni. Wọn kò yan igbákejì kankan. Ní 1985 wọ́n pa ipò náà rẹ́: olórí ilé aṣòfin ni yóò dì í mú fúngbà díẹ̀ kí wọ́n tó dìbò. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1990, wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹrin: olórí ilé aṣòfin yóò parí sáà tó kù, láìsí ìdìbò. Henri Konan Bédié ló wà lórí àga yẹn láti 1980. Nígbà tí Houphouët kú ní ọjọ́ 7, oṣù Kejìlá, ọdún 1993, alẹ́ ọjọ́ náà ni Bédié lọ sórí tẹlifíṣọ̀n, tó sì sọ pé òun ni olórí orílẹ̀-èdè báyìí, gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí. Òótọ́ ni, òfin wí bẹ́ẹ̀. Ouattara, tó jẹ́ olótùú ìjọba, fipò sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Ìjà àwọn méjèèjì ló bí gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e.

N kò gbọ́dọ̀ fo ọdún 1980 àti 1990. Ní 1980 wọ́n jáwọ́ nínú ìwé orúkọ kan ṣoṣo: àwọn ọmọ ẹgbẹ́ PDCI tó ju 600 lọ ló du ìjókòó 147, ẹkùn kọ̀ọ̀kan sì yan tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbààgbà tó ti jókòó pẹ́ ni ará ìlú yọ. Ó fi hàn pé kò sí ohun tó ṣe àwọn olùdìbò, àyè ni wọn kò fún wọn. Ní 1990, lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ti fi ẹsẹ̀ kún ojú pópó torí pé owó kòkó já wálẹ̀ tí ìjọba sì fẹ́ gé owó oṣù, Houphouët gbà fún ẹgbẹ́ púpọ̀. Gbagbo bá a du ipò ààrẹ ní oṣù Kẹwàá, ó gba ìbò 18 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù Kọkànlá, PDCI gba ìjókòó 163 nínú 175, FPI ti Gbagbo gba 9. Mẹ́sàn-án kéré, ṣùgbọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́ láti òmìnira, ẹnì kan wà nínú ilé náà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti bèèrè.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwa àlejò ti wọlé. Títí kan ìdìbò 1990, àwọn ará orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó ń gbé ní Côte d'Ivoire ń dìbò níbẹ̀. Anàgó tó ń ta ọjà ní Bouaké lè to sórí ìlà kí ó sì dìbò fún ààrẹ orílẹ̀-èdè tí kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn alátakò bínú sí i, wọ́n ní ìbò àlejò ni Houphouët fi ń wọlé. N kò dá wọn lẹ́bi lórí ìyẹn, torí ìbò ọmọ onílẹ̀ ni ó yẹ kí ó yan ìjọba. Àmọ́ bí wọ́n ṣe tún un ṣe ló burú. Ọdún náà ni wọ́n mú ìwé ìgbélùú wá, tí ọlọ́pàá fi ń fìyà jẹ àlejò lójú ọ̀nà títí wọ́n fi wọ́gi lé e fún ọmọ ECOWAS ní 2007. Òfin ìdìbò ọdún 1994 kò sì dúró lórí àlejò mọ́. Ó ní ẹni tó bá máa du ipò ààrẹ, bàbá àti ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Côte d'Ivoire láti ìbí. Ouattara ni wọ́n ń wò, wọ́n ní bàbá rẹ̀ wá láti ìhà Burkina. Ṣùgbọ́n ará àríwá tó ń jẹ́ Ouattara, Koné, Coulibaly tàbí Traoré pọ̀ lọ jàra ní Bouaké, irú orúkọ kan náà sì wà ní Mali àti Burkina. Òfin tí wọ́n sọ lu ẹnì kan ba gbogbo wọn.

Ní ọjọ́ 24, oṣù Kejìlá, ọdún 1999, àwọn ṣọ́jà gbàjọba, Ọ̀gágun Robert Guéï tú ilé ìgbìmọ̀ ká, ó sì da òfin ìpìlẹ̀ 1960 nù. Ìwé tuntun tí wọ́n kọ ní ọdún 2000 ní abala kan, ìkarùndínlógójì, tí gbogbo orílẹ̀-èdè jà lé lórí. Ṣé bàbá àti ìyá ẹni tó fẹ́ di ààrẹ ló gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Côte d'Ivoire ni, àbí bàbá tàbí ìyá? Wọ́n yí i padà síwá sẹ́yìn nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́. Níkẹyìn, 'àti' ni wọ́n fi sí i. Ní oṣù Keje, ó ju 86 nínú ọgọ́rùn-ún tó dìbò bẹ́ẹ̀ ni, ẹgbẹ́ Ouattara gan-an sì ní kí àwọn ènìyàn òun dìbò bẹ́ẹ̀ ni. Ní oṣù Kẹwàá, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ yọ 14 nínú àwọn 19 tó fẹ́ du ipò ààrẹ. Ouattara wà nínú wọn, Bédié náà wà nínú wọn. Gbagbo ló di ààrẹ. Wọn kò jẹ́ kí Ouattara du ipò aṣòfin pàápàá, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì yẹra fún ìdìbò ilé ìgbìmọ̀.

Ọdún méjì ò pé lẹ́yìn náà tí ìbọn dún. Òru ọjọ́ 19, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2002, àwọn ọlọ̀tẹ̀ kọlu Àbíjàn, Bouaké àti Korhogo lẹ́ẹ̀kan náà. Àbíjàn kò ṣubú. Bouaké ṣubú, ó sì di olú ìlú àwọn ọlọ̀tẹ̀ tí Guillaume Soro jẹ́ akọ̀wé àgbà fún. Wọ́n ní nítorí abala ìkarùndínlógójì àti ìwé ọmọ onílẹ̀ ni àwọn ṣe gbébọn. Báǹkì ti ilẹ̀kùn. Yunifásítì Bouaké kó lọ sí Àbíjàn. Adájọ́ lọ, aṣojú ìjọba lọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò rí ìdánwò àṣekágbá ṣe lásìkò. Àwọn ọmọ ogun Faransé àti ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé wá dúró sáàárín, ní gúúsù ìlú náà, wọ́n pín orílẹ̀-èdè sí méjì. Ilé aṣòfin ní Àbíjàn ṣì ń ṣe òfin, òfin náà ò sì dé Bouaké.

Àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú àti àwọn ọlọ̀tẹ̀ pàdé ní Marcoussis nílẹ̀ Faransé ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2003, wọ́n gbà pé kí 'àti' di 'tàbí'. Mo rọ gbogbo ẹni tó ń kọ òfin ìpìlẹ̀ níbikíbi láti wo bí èyí ṣe dí wọn mọ́. Òfin ọdún 2000 fúnra rẹ̀ sọ pé ẹnikẹ́ni kò lè yí ohun tó jẹ mọ́ yíyan ààrẹ padà láìjẹ́ pé gbogbo ará ìlú dìbò lé e. Abala tó tẹ̀ lé ìyẹn sì sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ ṣe àtúnṣe kankan nígbà tí ilẹ̀ orílẹ̀-èdè bá pín. Ilẹ̀ sì ti pín, torí àtúnṣe tí wọn kò ṣe ló jẹ́ kí ó pín. Ilé aṣòfin gba àbá náà wọlé ní oṣù Kejìlá ọdún 2004, mo sì yìn wọ́n, torí ẹgbẹ́ Gbagbo pọ̀ níbẹ̀. Gbagbo ní àfi kí ará ìlú dìbò. Ìdìbò wo ni wọ́n fẹ́ dì nígbà tí ìdajì ilẹ̀ wà lọ́wọ́ ọlọ̀tẹ̀? Ní oṣù Kẹrin ọdún 2005, lẹ́yìn ìpàdé tí Thabo Mbeki, ààrẹ Gúúsù Áfíríkà nígbà náà, pè ní Pretoria, Gbagbo lo agbára pàjáwìrì tó wà ní abala ìkejìdínláàádọ́ta láti jẹ́ kí Ouattara lè du ipò. Òpó òfin kan ni wọ́n fi gun òpó òfin mìíràn. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹnì kan ni kọ́kọ́rọ́ wà síbẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni sáà àwọn aṣòfin tí wọ́n yàn ní 2000 parí. Kò sí ìdìbò. Wọ́n kàn jókòó síbẹ̀ títí di 2011, lábẹ́ Mamadou Koulibaly. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni Bouaké fi wà láìyan aṣòfin.

Ohun tó tún orílẹ̀-èdè náà so pọ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí tábìlì igi. Kóòtù alárìnkiri ni: nínú kíláàsì ilé-ìwé tàbí lábẹ́ igi, adájọ́ kan, akọ̀wé kóòtù, dókítà kan tó ń fojú díwọ̀n ọjọ́ orí ẹni tí kò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, àti baálẹ̀ tàbí àgbàlagbà tí yóò jẹ́rìí pé ọmọ yìí, àdúgbò yìí ni ìyá rẹ̀ bí i sí. Bí ẹ̀rí bá tó, wọ́n á kọ ìwé ìbí fún un. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2006, àwọn alátìlẹ́yìn Gbagbo dí i lọ́wọ́, wọ́n ní wọ́n ń sọ àlejò di ọmọ onílẹ̀. Lẹ́yìn àdéhùn tí Gbagbo àti Soro ṣe ní Ouagadougou ní oṣù Kẹta ọdún 2007, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 30, oṣù Keje ọdún náà, Gbagbo wá sí Bouaké fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà ogun, òun àti Soro sì jọ dáná sun ìbọn ní pápá ìṣeré ìlú náà. Ìwé ìbí wọ̀nyẹn ni ọ̀pọ̀ fi gba káàdì ìdìbò, káàdì náà ni wọ́n fi to sórí ìlà ní 2010. Ìbò wọn ni wọ́n fagi lé.

Òfin tó wà lóde báyìí jẹ́ ti ọdún 2016. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹwàá, ìdá 93 nínú àwọn tó dìbò gbà á wọlé, ṣùgbọ́n ìdá 42 péré nínú àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ló jáde. Bàbá tàbí ìyá ló wà níbẹ̀ báyìí, èyí sì tọ́. Ó gba àwọn ọba àti olóyè wọlé sínú òfin, ó dá ilé aṣòfin àgbà sílẹ̀. Nínú 99 tó wà nílé àgbà yẹn, ààrẹ fúnra rẹ̀ ló yan 33. Ìdá mẹ́ta kan nínú àwọn tó yẹ kí wọ́n bi ààrẹ léèrè ló jẹ́ pé ààrẹ ló fi wọ́n síbẹ̀, n kò rí bí mo ṣe lè pe ìyẹn ní ohun tó dára. Òfin kan náà ló fi ẹnu ọ̀nà kan sílẹ̀ tó gbòòrò ju ti 2000 lọ: bí ààrẹ bá fẹ́, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin ilé méjèèjì lè tún òfin ìpìlẹ̀ ṣe láìbi ará ìlú. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, wọ́n gba ẹnu ọ̀nà yẹn kọjá ní Yamoussoukro. Lára ohun tí wọ́n yí padà ni pé ará ìlú kò ní dìbò yan igbákejì ààrẹ mọ́. Oṣù méje lẹ́yìn náà, Ouattara du ipò lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní òfin 2016 ti sọ kíkà di ọ̀tun. Èèyàn tún kú.

Bouaké sì ti rí ohun mìíràn láàárín ìgbà náà. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2017, àwọn ṣọ́jà tó ti jẹ́ ọlọ̀tẹ̀ tẹ́lẹ̀ yìnbọn nínú ìlú náà, wọ́n ń bèèrè owó tí wọ́n ní wọ́n ṣèlérí fún wọn, wọ́n sì tún ṣe é ní oṣù Karùn-ún. Mínísítà fún ààbò wá bá wọn ṣàdéhùn ní Bouaké. Àwọn aṣòfin ló ni àpò orílẹ̀-èdè, ìwé òfin wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lójú ìbọn ni wọ́n ti pinnu owó yẹn.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀yin ni mo ń bọ̀, ẹ̀yin Anàgó Bouaké. Ní 2013, ilé aṣòfin ṣe òfin tó jẹ́ kí àwọn tó ti ń gbé níbẹ̀ kí òmìnira tó dé, àtàwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ láàárín 1961 sí 1973, lè di ọmọ onílẹ̀ nípa kíkọ orúkọ sílẹ̀. Àsìkò náà ti kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ rí i lò, ẹ̀yin ọmọ tí bàbá tàbí ìyá yín jẹ́ ọmọ ibẹ̀, ìbò yín kì í ṣe ìbò àlejò mọ́. Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀. Ẹ tọ́jú ìwé ìbí àwọn ọmọ yín, ẹ gba èyí tí ẹ kò ní nígbà tí ilẹ̀ ṣì rọ̀. Bí ẹni tó ń du ipò aṣòfin bá sì wá tọrọ ìbò dé ìsọ̀ yín, ẹ má bi í nípa àpò ìrẹsì. Ẹ bi í pé bí ààrẹ bá tún fẹ́ yí òfin ìpìlẹ̀ padà láìbi ará ìlú, ìbò wo ni yóò dì, kí ẹ sì jẹ́ kí ó dáhùn lójú gbogbo ọjà.